Ìgò Inú Kọ́bọ́ọ̀dù

Nínú pálọ̀ bàbá mi ní Ìjẹ̀bú-Òde, kọ́bọ́ọ̀dù onígíláàsì kan wà tí a kì í jẹ́ kí ọmọdé fọwọ́ kàn. Àwo tánganran tí a kò fi jẹun rí wà níbẹ̀, fọ́tò ìgbéyàwó wà níbẹ̀, ife tí ẹgbẹ́ ìjọ fi ta á lọ́rẹ wà níbẹ̀, ìgò wisikí kan sì dúró gangan láàárín wọn bí ọba láàárín ìjòyè. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ni ó gbé e bọ̀ láti Ìlú Ọba ní ọdún 1979. Bàbá mi kò ṣí i. Nígbà tí mo dàgbà tó ẹni tí ó lè béèrè irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, mo bi í pé ìgbà wo ni a óò ṣí ìgò yìí. Ó ní, "Ọtí àlejò pàtàkì ni. Bí ó bá sì ṣe ń pẹ́ sí i ni yóò máa dára sí i." Àlejò pàtàkì wá, àlejò pàtàkì lọ, bíà ni wọ́n mu. Bàbá mi kú ní ọdún 2001. Nígbà tí a ń pín ẹrù rẹ̀ ni ìgò náà bọ́ sí mi lọ́wọ́, pẹ̀lú eruku ọdún méjìlélógún lórí rẹ̀.

Mo ṣí i ní alẹ́ ọjọ́ kan tí èmi nìkan wà nílé, mo sì bu díẹ̀ sínú ife. N kò rí ohun tí mo lè fi wé e ju ọbẹ̀ tí a gbàgbé iyọ̀ sí lọ. Ìdérí rẹ̀ ti gbẹ, afẹ́fẹ́ ti ráyè wọlé, ọtí inú rẹ̀ ti fà wá sí ìsàlẹ̀ èjìká ìgò, òórùn rẹ̀ sì ti ṣá. Lẹ́yìn náà ni mo tó wá mọ ohun tí bàbá mi kò mọ̀: wisikí kì í dàgbà nínú ìgò. Inú àgbá onígi ni ó ti ń dàgbà. Bí wọ́n bá kọ ọdún 12 sí i lára, iye ọdún tí èyí tí ó kéré jù lọ nínú rẹ̀ lò nínú igi nìyẹn; ọjọ́ tí wọ́n bá ti rọ ọ́ sínú ìgò ni ọjọ́ orí rẹ̀ dúró. Bí ó bá lo ọgbọ̀n ọdún nínú kọ́bọ́ọ̀dù, ọmọ ọdún 12 náà ni. Bàbá mi ti fi sùúrù dúró de ohun tí kò lè ṣẹlẹ̀.

Mo ti ro ọ̀rọ̀ yìí lọ, mo ti rò ó bọ̀. Kì í ṣe ọtí tí ó ṣòfò ni ó dùn mí, bí kò ṣe pé ẹni tí ó ni ín kò tọ́ ọ wò. Ojú ni ó fi mu ún. Ìwà yìí kò sì mọ ní ilé bàbá mi nìkan. Àwa Ìjẹ̀bú fẹ́ràn àríyá, ẹnikẹ́ni kò ní bá wa jiyàn lórí ìyẹn. Ní ọjọ́ kẹta Iléyá, tí àwọn rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ bá ti lọ kí Awùjalẹ̀ ní Ojúde Ọba tán, tí ẹlẹ́ṣin ti sọ̀kalẹ̀, tí olúkúlùkù ẹgbẹ́ sì ti jó dé ibi tí wọn yóò ti jẹun, ẹ lọ wo orí tábìlì. Ìgò tí ó wà níbẹ̀ ni wọ́n fi ń mọ ẹni tí ó jókòó ti tábìlì. Ẹni tí ó bá gbé ọlọ́dún 18 wá ti sọ̀rọ̀, kò tún nílò gbohùngbohùn. Ṣùgbọ́n ẹ bi ẹni tí ó ń mu ún pé báwo ni ó ti rí lẹ́nu. Yóò ní, "Ó dáa. Ojúlówó ni." Ọ̀rọ̀ parí.

Èmi rò pé ọ̀rọ̀ kò yẹ kí ó parí síbẹ̀. A ń ṣe lámèyítọ́ ewì, a ń ṣe ti eré onítàn, a ń ṣe ti aṣọ àti ti ìlù. Bí onídùndún bá ṣi ìlù lù, ará ìlú mọ̀. Kí ló wá dé tí ohun tí a ń fi owó iyebíye rà, tí a sì ń gbé mì sínú ara, kò fi ní lámèyítọ́ kankan ju iye owó rẹ̀ lọ? Èdè kọ́ ni kò tó wa. Yorùbá mọ ohun tí ó kan, ó mọ èyí tí ó korò, ó mọ èyí tí ó ta, èyí tí ó tẹ́, èyí tí ó ṣá, èyí tí ó ń ta sánsán, èyí tí ó kún ẹnu, èyí tí adùn rẹ̀ ń gbẹ̀yìn bí ti ewúro. Ahọ́n tí ó lè sọ ọjọ́ tí wọ́n rẹ ẹ̀gẹ́ tí wọ́n fi ṣe gàrí kò yẹ kí ó yadi níwájú wisikí.

Ìdí nìyí tí mo fi pe àwọn ènìyàn mẹ́rin jọ sí ilé mi ní alẹ́ ọjọ́ Sátidé kan, nígbà tí ọyẹ́ ti bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́. Tíṣà wà níbẹ̀, ẹni tí ó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́. Àǹtí Nọ́ọ̀sì wà níbẹ̀, àti àbúrò rẹ̀ ọkùnrin tí gbogbo wa ń pè ní Ẹnjiníà. Àlàájì tí ilé rẹ̀ kángun sí tèmi náà wá. Kò mu ọtí rí láyé rẹ̀, tíì ni ó gbé dání, ṣùgbọ́n ó ní òun fẹ́ wo bí àwọn àgbàlagbà ti ń fi ọtí ṣe ìdánwò bí ọmọ iléèwé.

Ìlànà mi rọrùn. Mo fi ìwé ìròyìn wé ìgò márùn-ún, mo sì kọ nọ́ńbà sí wọn lára. Gíláàsì kékeré tí ẹnu rẹ̀ há ju ikùn rẹ̀ lọ ni mo lò, nítorí pé imú ni ó ń kọ́kọ́ mu wisikí kí ẹnu tó mu ún. Mo lẹ bébà dúdú mọ́ gíláàsì lára kí àwọ̀ má baà tan ẹnikẹ́ni jẹ. Àwọ̀ a máa purọ́: òfin Skọ́tlándì gba àwọn apọntí láyè láti fi ṣúgà jíjó kun wisikí kí ó lè pọ́n dáadáa lójú. Ìwọ̀n ṣíbí kékeré mẹ́ta péré ni mo bù fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. N kò gbé yìnyín wá, nítorí òtútù a máa pa òórùn. Omi tútù lásán ni mo gbé kalẹ̀, kí olúkúlùkù kán díẹ̀ sí i lẹ́yìn tí ó bá ti tọ́ ọ wò ní gbígbẹ. Ẹ̀kán omi díẹ̀ a máa ṣí òórùn ọtí sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí òjò àkọ́rọ̀ ti ń ṣí òórùn ilẹ̀.

Nọ́ńbà kìíní jẹ́ ti àwọn ará Írẹ́lándì, Jameson. Ẹnu gbogbo wa kò lórí rẹ̀ pé ó rọ̀. Ó kọjá lọ́nà ọ̀fun bí ẹ̀kọ tútù, ó fi òórùn oyin díẹ̀ sílẹ̀ sẹ́yìn, kò bá ẹnikẹ́ni jà. Ohun tí ó fa èyí kò ṣòro. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n ń sè é di ooru tí ooru sì ń padà di omi, nígbà tí ó jẹ́ pé ẹ̀ẹ̀mejì ni ó wọ́pọ̀ láàárín àwọn apọntí Skọ́tlándì tí ń lo ìkòkò bàbà. Bákan náà, wọ́n a máa po ọkà báálì tí kò tíì hù mọ́ èyí tí ó ti hù. Owó orí tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì bù lé ọkà híhù ní ọdún 1785 ni ó sọ àṣà yìí di ohun tí ó gbilẹ̀ níbẹ̀, ìyẹn ni pé ọgbọ́n àti yẹ owó orí sílẹ̀ ni ó wá di adùn ìbílẹ̀. Ìdájọ́ tèmi ni pé ọtí olùbánikẹ́dùn ni: ó dára fún ẹni tí kò mu wisikí rí, ó dára fún ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ sọ pẹ́. Àbùkù rẹ̀ ni pé ó ń tètè gbàgbé ara rẹ̀. Kí o tó gbé ife sílẹ̀, ó ti lọ.

Nọ́ńbà kejì ni Glenfiddich ọlọ́dún 12, láti àfonífojì Spey ní àríwá Skọ́tlándì. Ní èdè ìbílẹ̀ wọn, àfonífojì àgbọ̀nrín ni orúkọ náà túmọ̀ sí, ìdí nìyí tí orí àgbọ̀nrín fi wà lára ìgò. Ọjọ́ Kérésìmesì ọdún 1887 ni ọtí kọ́kọ́ sàn níbẹ̀. Ọkà báálì híhù nìkan ni wọ́n fi ń ṣe é, nínú ilé ìpọntí kan ṣoṣo. Àǹtí Nọ́ọ̀sì ní òun gbọ́ òórùn èso nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe èso wa. Tíṣà ní, "Ẹ fi omi kán an, ẹ óò rí àgbálùmọ̀ tí ó pọ́n ju bó ti yẹ lọ." A kán omi sí i, a sì rí i. Ọtí tí ó mọ́ ni, ó dà bí aṣọ funfun tí a lọ̀ dáadáa. Ẹni tí ó bá fẹ́ kí a ya òun lẹ́nu kò ní rí ìyẹn níbẹ̀.

Nọ́ńbà kẹta ni ojú ìlú mọ̀ jù lọ nínú gbogbo wọn: Johnnie Walker, èyí tí bébà ara rẹ̀ dúdú, ọlọ́dún 12. Ọmọ onísọ́ọ̀bù ni ọtí yìí. John Walker ṣí ìsọ̀ oúnjẹ rẹ̀ ní ìlú Kilmarnock ní ọdún 1820, àwọn ọmọ rẹ̀ ni wọ́n sì sọ pípo wisikí pọ̀ di òwò ńlá. Àdàlù ni. Oríṣiríṣi wisikí, ti ọkà báálì àti ti ọkà mìíràn, láti ilé ìpọntí tí ó pọ̀, ni wọ́n ń pò pọ̀ tí wọ́n sì ń wá ọ̀nà kí ó rí bákan náà lọ́dọọdún. Àwọn kan máa ń fi ojú tín-ín-rín wo àdàlù pé kì í ṣe ojúlówó. Ẹni tí ó bá mọ bí ó ti ṣòro tó láti po ẹ̀wà àti àgbàdo kí ọ̀kan má yè é kí èkejì má rọ̀ jù kò ní sọ bẹ́ẹ̀. Èéfín díẹ̀ wà nínú rẹ̀, adùn díẹ̀ wà nínú rẹ̀, kò sì sí èyí tí ó gun èkejì lórí. Ọtí ìgbìmọ̀ ni: gbogbo ẹnu ni ó ti sọ̀rọ̀ kí wọ́n tó fẹnu kò. Láìṣí ìwé ìròyìn lára ìgò, Ẹnjiníà tí kì í mu òmíràn lóde àríyá kò dá a mọ̀. Ìyẹn náà jẹ́ ẹ̀kọ́.

Nọ́ńbà kẹrin ni ó dá àríyànjiyàn sílẹ̀. Òórùn rẹ̀ yára dé imú. Ó dùn gbọ́, ó ní òdòdó nínú, ó sì ní kíkan fẹ́ẹ́rẹ́ bí ẹmu tí oòrùn ti ràn sí. Lẹ́nu, ó gbóná, ó sáré, kò sì pẹ́ kí ó tó parí. Ẹnjiníà wúkọ́, ó ní ó ta òun lọ́fun jù. Àǹtí Nọ́ọ̀sì ní òun fẹ́ràn òórùn rẹ̀ ju adùn rẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n Tíṣà gbé gíláàsì rẹ̀ sókè, ó tún un gbọ́ lẹ́ẹ̀mejì, ó ní, "Èyí ni ó ní ọ̀rọ̀ lẹ́nu jù lọ láti àárọ̀. Ọ̀dọ́ ni, ṣùgbọ́n ọ̀dọ́ tí ó ní ilé ni. Ibo ni wọ́n ti ṣe é?" Mo ní kí ó ṣe sùúrù.

Nọ́ńbà karùn-ún ni mo fi sí ìgbẹ̀yìn, nítorí pé ẹni tí ó bá mu ún ṣáájú kò ní gbọ́ òórùn òmíràn mọ́: Laphroaig ọlọ́dún 10, láti erékùṣù Islay ní ìwọ̀-oòrùn Skọ́tlándì. Bí wọ́n ti bù ú ni pálọ̀ yí padà. Àǹtí Nọ́ọ̀sì ní, "Yàrá tí a ti ń di egbò rè é!" Àbúrò rẹ̀ ní ẹja àrọ̀ tí wọ́n yan ní Ẹ̀pẹ́ ni. Àwọn méjèèjì ni wọ́n jàre. Ní Islay, igi ìdáná kò pọ̀. Ewéko tí ó ti kú sínú àbàtà fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún, tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní peat, ni wọ́n ń gé bí búlọ́ọ̀kù, tí wọ́n ń sá gbẹ, tí wọ́n sì ń fi dáná láti gbẹ ọkà híhù. Èéfín náà ni ó wọ inú ọkà tí kò sì jáde mọ́, bí èéfín ti ń wọ inú ẹja.

Ẹni tí kò bá lóye Laphroaig, kí ó rántí gàrí Ìjẹ̀bú. Ọjọ́ mélòó kan ni a máa ń jẹ́ kí ẹ̀gẹ́ rírin wà nínú àpò kí ó tó di yíyan, kí ó lè kan. Àlejò tí kò mọ̀ ọ́n yóò tọ́ ọ wò, yóò ní ó ti bàjẹ́. Onílé yóò da omi tútù sí i, yóò wá ẹ̀pà tàbí ẹja yíyan sí i, yóò sì dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Ohun tí àjèjì pè ní àbùkù ni onílé pè ní adùn. Ojú yìí ni mo fi ń wo Laphroaig. Òun ni mo gbé sí ipò kìíní lálẹ́ ọjọ́ náà, nítorí pé kò tọrọ ìfẹ́ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, ó sì tún wà lẹ́nu mi nígbà tí mo ń ti ilẹ̀kùn.

Nígbà tí a tú ìwé ìròyìn kúrò lára ìgò, gbogbo wa rí i pé nọ́ńbà kẹrin kò ní bébà kankan lára. Ògógóró ni. Ọkùnrin kan ní agbègbè etí omi, lọ́nà Abígí, ni ó sè é. Mo mọ ìkòkò rẹ̀, mo sì ti jókòó tì í. Ẹmu ògùrọ̀ ni ó jẹ́ kí ó kan fún ọjọ́ mélòó kan, ó dà á sínú àgbá, ó dáná sí i nídìí, ooru gba inú páìpù bàbà kọjá lábẹ́ omi tútù, ó sì ń kán sínú ìgò. Mo rí i tí ó da èyí tí ó kọ́kọ́ jáde nù, tí kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tọ́ ọ wò.

Tíṣà dákẹ́. Ó wo ìgò náà, ó wo mi, ó wá ní, "Mo ti ń fura pé nǹkan kan kù nínú rẹ̀." Gbogbo wa rẹ́rìn-ín, òun náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó gbé gíláàsì náà sílẹ̀ kò sì gbé e mọ́. Ọ̀rọ̀ yìí kò kúrò lọ́kàn mi títí di òní. Ahọ́n àgbàlagbà yìí ti jẹ́rìí òtítọ́. Ojú rẹ̀ ni ó wá yí ẹ̀rí náà padà. Ta ni ó kọ́ ojú rẹ̀?

Ìtàn ni ó kọ́ ọ. Kí ọ̀rúndún ogún tó bẹ̀rẹ̀ ni jíìnì ti ń ti Hamburg àti Rotterdam wọ èbúté Ẹ̀kó lọ́pọ̀ yanturu, owó ibodè orí rẹ̀ sì wà lára òpó tí ìjọba amúnisìn fi ẹ̀yìn tì. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1919, àwọn ìjọba alágbára kan fọwọ́ sí àdéhùn ní Saint-Germain-en-Laye. Àdéhùn náà fi òfin de ọtí líle olówó pọ́ọ́kú tí wọ́n ń kó wá sí Áfíríkà, ó sì fi òfin de sísè ọtí líle nílẹ̀ Áfíríkà pẹ̀lú. Ọtí olówó gọbọi ṣì ń wọlé. Nígbà tí ọ̀wọ́n gógó dé ní àwọn ọdún 1930, tí apá ará ìlú kò ká ọtí òkèèrè mọ́, sísè ògógóró gbilẹ̀ nínú igbó àti ní etí odò, ọlọ́pàá sì ń kó ìkòkò, wọ́n ń kó ènìyàn. Ọtí kan náà, bí ó bá ti òkun wá, ó lówó ibodè, ó sì ní ọlá. Bí ó bá ti ẹ̀yìnkùlé wá, ẹ̀wọ̀n ni. Ọmọ tí ó gbọ́ bàbá rẹ̀ tí ó ń sọ orúkọ ọtí kan kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ kò ní gbé e sórí tábìlì nígbà tí ó bá dàgbà. Ó yani lẹ́nu pé ṣìnáàpù, tí ó ti ọ̀dọ̀ àwọn ará Họ́láǹdì wá, ni a wá ń fi júbà àwọn baba ńlá wa lónìí, òun náà ni a ń gbé kalẹ̀ níbi ìdáná. Dmitri van den Bersselaar kọ odindi ìwé lórí bí ọtí òkèèrè yìí ṣe di ohun ìbílẹ̀; ọdún 2007 ni ìwé náà jáde.

Kí a má rò pé àwọn ará Skọ́tlándì kò la irú rẹ̀ kọjá. Wọ́n ti ń sè é tipẹ́: ìwé owó ọba wọn ti ọdún 1494 ti dárúkọ ọkà híhù tí wọ́n fún àlùfáà kan láti fi ṣe "omi ìyè", nítorí pé omi ìyè gan-an ni orúkọ wisikí túmọ̀ sí ní èdè ìbílẹ̀ wọn. Ṣùgbọ́n nígbà tí owó orí wúwo jù, inú igbó àti orí òkè ni ọ̀pọ̀ nínú wọn sá wọ̀, tí wọ́n ń sè é lóru, tí àwọn agbowó ibodè sì ń dọdẹ wọn. Ní ọdún 1823 ni ìjọba yí òfin padà, tí ó sọ ìwé àṣẹ di ohun tí apá ká. George Smith ti Glenlivet gba tirẹ̀ ní ọdún 1824. Ìbọn ìléwọ́ méjì ni ó ń gbé kiri, nítorí àwọn aládùúgbò rẹ̀ tí wọ́n ṣì ń sè é lábẹ́lẹ̀ ń halẹ̀ pé àwọn yóò sun ilé ìpọntí rẹ̀. Ohun tí ó jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ lánàá wá di ohun tí ọba ń fi ṣe àlejò.

Írẹ́lándì ní tirẹ̀ kọ́ wa pé ohun tí ó ní òkìkí lè parẹ́. Ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, wisikí wọn lókìkí káàkiri ayé. Aeneas Coffey, tí ó ti jẹ́ agbowó ibodè ní Írẹ́lándì, gba àṣẹ lórí ẹ̀rọ tuntun tí ń sè é láìdúró ní ọdún 1830. Àwọn ńlá inú wọn ní Dublin kọ̀ ọ́, àwọn ará Skọ́tlándì gbà á. Lẹ́yìn náà ni ogun òmìnira, pípàdánù ọjà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àti òfin tí Amẹ́ríkà fi de ọtí láti 1920 sí 1933, pa òwò wọn. Nígbà tí yóò fi di ọdún 1975, ilé ìpọntí méjì péré ni ó kù ní gbogbo erékùṣù náà. Lónìí wọ́n ti ju ọgbọ̀n lọ. Ohun tí ó kú lè jí, bí ẹni tí ó ni ín kò bá tijú rẹ̀.

N kò wá sọ pé ògógóró tó wisikí o. Irọ́ nìyẹn yóò jẹ́, ẹni tí ó bá ń ṣe lámèyítọ́ kò sì gbọ́dọ̀ fi ìfẹ́ ilé bo ojú ahọ́n rẹ̀. Ògógóró tí a mu ní òórùn tí ó dára, ṣùgbọ́n kò ní ìjìnlẹ̀; ó sọ̀rọ̀ kan, ó sì jókòó. Ohun tí ó kù nínú rẹ̀ ni ọjọ́ orí. Òfin kò gbà kí a pe ọtí ní wisikí ní Skọ́tlándì tàbí ní Írẹ́lándì àyàfi bí ó bá lo ọdún mẹ́ta ó kéré tán nínú àgbá onígi. Wisikí náà funfun bí omi nígbà tí ó jáde láti inú ìkòkò, ó sì ń ta bí ògógóró. Igi ni ó fún un láwọ̀, igi ni ó tù ú nínú. Àgbá tí wọ́n sì ń lò kì í sábà jẹ́ tuntun. Nítorí pé òfin Amẹ́ríkà sọ pé inú àgbá óákù tuntun ni bourbon gbọ́dọ̀ wà, àgbá tí wọ́n bá ti lò lẹ́ẹ̀kan ni àwọn ará Skọ́tlándì àti Írẹ́lándì ń rà. Àgbá tòkunbọ̀ ni, bí ọkọ̀ wa. Àwa náà mọ̀ pé igi a máa yí ọtí padà: kí ni páragà, bí kì í bá ṣe ògógóró tí a rẹ egbò àti èèpo sí? Àmọ́ ọjọ́ díẹ̀ ni a fún un, oògùn ni a sì ń wá nínú rẹ̀.

Ẹnjiníà ní ooru ilẹ̀ wa kò ní jẹ́ kí ọtí dàgbà nínú àgbá, yóò gbẹ tán ni. Òótọ́ ni pé ooru a máa fa á: ní Skọ́tlándì, nǹkan bí ìdá méjì nínú ọgọ́rùn-ún ni ó ń bá afẹ́fẹ́ lọ lọ́dún, wọ́n a sì máa pè é ní ìpín áńgẹ́lì, àwọn áńgẹ́lì ilẹ̀ olóoru a máa mu ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n àwọn ará Íńdíà ní Bengaluru ṣe Amrut nínú ooru, wọ́n sì gbé e lọ sí Glasgow fúnra rẹ̀ ní ọdún 2004 láti tà á fún onílé. Masataka Taketsuru ti Jàpáàn náà ti lọ kọ́ iṣẹ́ yìí ní Skọ́tlándì láti ọdún 1918, ó padà sílé, ilé ìpọntí Yamazaki sì bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1923. Kò sí ẹni tí ó ń fi Jàpáàn ṣe yẹ̀yẹ́ mọ́ lórí wisikí.

Ohun kan ṣì wà tí a gbọ́dọ̀ sọ láìfi ọ̀rọ̀ bọpo bọyọ̀. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2015, àwọn ènìyàn kú ní Òde-Ìrèlè ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó, àwọn mìíràn fọ́jú; ìwádìí fi hàn pé methanol ni ó wà nínú ọtí tí wọ́n mu. Ọ̀pọ̀ kú ní Ìpínlẹ̀ Rivers náà lọ́dún kan náà, ìjọba àpapọ̀ sì fi òfin de ògógóró. N kò lè bú ìjọba tí ó rí òkú tí ó sì kígbe. Ṣùgbọ́n òfin kò pa ìkòkò kankan; ó kàn tún lé e padà sínú igbó ni, níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti lè yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹni tí ó ń sè é nífarapamọ́ kò ní orúkọ tí yóò dáàbò bò. George Smith ní orúkọ tí ó ń dáàbò bò, ìdí nìyí tí ó fi ń gbé ìbọn kiri.

Àlàájì ti jókòó láti ìbẹ̀rẹ̀ kò sọ ohun kan. Tíì rẹ̀ ti tutù. Ó wá ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí mi o. Mo ti rí i pé ẹ̀ ń bá ara yín jiyàn lórí èyí tí ó dára jù. Ta gan-an ni ẹ̀ ń mu ún fún?" Tíṣà ní, "Fún ara wa ni, Àlàájì." Àlàájì ní, "Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó bá ń mu ún fún ara rẹ̀ yóò mọ ìgbà tí ó tó. Ẹni tí ó ń mu ún fún ojú ayé kò ní mọ̀ ọ́n, nítorí ojú ayé kì í yó." Ẹni tí kò mutí rí ni ó sọ gbólóhùn tí ó dára jù lọ lálẹ́ ọjọ́ náà. Yorùbá sì ti mọ̀ ọ́n láti ọjọ́ tó ti pẹ́: ẹmu ni wọ́n ní Ọbàtálá mu ní àmujù tí ọwọ́ rẹ̀ fi ṣì mọ ènìyàn, títí di òní àwọn ọmọ rẹ̀ kì í fẹnu kàn án. Kò sí ẹni tí ó kéré jù láti ṣì í mu, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ẹni tí ó tóbi jù. Ìwọ̀n ṣíbí kékeré mẹ́ta, omi tútù, àti ẹnì kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹni tí ó lè sọ pé ó tó: ibi tí lámèyítọ́ ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Bí wọ́n ti ń lọ, Tíṣà dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ó bi mí bóyá ó ṣẹ́ kù nínú nọ́ńbà kẹrin. Mo rọ díẹ̀ fún un sínú ìgò oògùn tí ó mọ́, ó wé e sínú áńkáṣíìfù, ó sì tì í bọ àpò agbádá rẹ̀, níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti ní rí i. N kò dá a lẹ́bi. Ọgọ́rùn-ún ọdún ìtìjú kì í tán lálẹ́ ọjọ́ kan.

Kọ́bọ́ọ̀dù bàbá mi wà ní pálọ̀ mi báyìí. Ìgò tirẹ̀ ṣì wà nínú rẹ̀, òfìfo, nítorí pé n kò lè gbé e jù nù. Àwọn ìgò yòókù ti kúrò níbẹ̀. Orí tábìlì ni mo ń kó wọn sí, ní ibi tí ọwọ́ ti lè tó wọn. Àlejò pàtàkì tí bàbá mi ń retí ti jókòó sílé rẹ̀ ní gbogbo ọdún wọ̀nyẹn. Òun fúnra rẹ̀ ni.